Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹni Tó Ń Ka Àmì fún Wa Nígbà Ìdíje Kẹ̀kẹ́

Ẹ̀gbọ́n wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí a jọ máa ń tẹ̀ lé Tour de France láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá wọ Paris. Ẹ̀yin ni mo darí lẹ́tà yìí sí nítorí pé ọwọ́ yín ni ìwé àmì wà, ẹ̀yin náà lẹ sì máa ń dá ẹjọ́ wa bí àríyànjiyàn bá dé. Mo kọ ọ́ ní gbangba nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ níbòmíràn ló ń ṣe irú eré tí àwa náà ń ṣe, ó sì ṣeé ṣe kí ohun tó ń yọ wá lẹ́nu máa yọ àwọn náà lẹ́nu. Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ jẹ́ kí a yí bí a ṣe ń pín àmì padà, kí ẹni tí ìdíje náà bá yé jù lè máa borí láàárín wa, kí a sì dẹ́kun fífi adé lé ẹni tó kàn kọ orúkọ tí gbogbo ayé ti mọ̀.

Nítorí àwọn tí kì í ṣe ara wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lọ́wọ́lọ́wọ́. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, oníkálukú wa a máa kọ orúkọ ẹni tí ó rò pé yóò gba jẹ́sì yẹ́lò, ìyẹn ẹni tí àpapọ̀ àkókò rẹ̀ bá kéré jù lọ lẹ́yìn ìpele 21. Lẹ́yìn èyí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, a tún máa ń kọ orúkọ ẹni tí yóò borí ní ìpele ọjọ́ náà. Àmì tí a gbé ka orí jẹ́sì yẹ́lò pọ̀ débi pé ẹni tó bá gba orúkọ yẹn lè fi gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sùn, kí ó sì tún ṣíwájú ẹni tó ń jí wo máàpù àti ojú ọjọ́ ní àràárọ̀. Láti 2020 títí di 2025, ènìyàn méjì péré ló ń gba jẹ́sì náà lọ́wọ́ ara wọn: Tadej Pogačar ọmọ Slovenia gbà á ní 2020, 2021, 2024 àti 2025, Jonas Vingegaard ọmọ Dẹ́nmáàkì sì gbà á ní 2022 àti 2023. Ní 2024, ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 17 ni Pogačar fi ṣíwájú ẹni kejì. Ní 2025, ó jẹ́ ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 24. Ẹni tí kò wo ìdíje kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀ lè kọ ọ̀kan nínú orúkọ méjèèjì, kí ó sì kó àmì tó pọ̀ jù.

N kò bínú sí ọmọkùnrin náà o. Ẹni tó bá rí i bó ṣe gun òkè Hautacam ní 2025 yóò mọ̀ pé adùn tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé, nígbà tí gbogbo wa bá kọ orúkọ kan náà, a kò sọ ohunkóhun tẹ́lẹ̀ mọ́, a kàn jọ buwọ́ lu ìwé kan ni. Ẹ̀yin fúnra yín rí i pé bí ọ̀sẹ̀ kẹta bá ti wọlé, àwọn kan nínú wa kì í dáhùn mọ́, nítorí wọ́n ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹta gan-an ni àárẹ̀ máa ń tú àṣírí àwọn oníkẹ̀kẹ́, ìgbà náà ló sì yẹ kí ẹnu wa gbóná jù.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni jẹ́sì yẹ́lò rọrùn láti sọ tẹ́lẹ̀. Ní 1989, nígbà tí ó ku ìpele kan ṣoṣo, Laurent Fignon ọmọ Faransé ṣíwájú Greg LeMond ọmọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 50. Ìpele àdásá ni ìpele tó kù yìí, láti Versailles wọ Paris, kìlómítà 24.5, níbi tí oníkẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń dá sá, tí aago sì ń kà á. LeMond de ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, èyí tó jẹ́ kí ó lè na apá síwájú kí ó sì tẹ ẹ̀yìn ba, kí afẹ́fẹ́ má baà rí àyà rẹ̀ mú. Fignon kò lo irú rẹ̀, kò sì dé akoto, irun gígùn tó dì sẹ́yìn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́. LeMond gba Tour náà pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 8, kò sì tíì sí ìyàtọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn Tour àwọn ọkùnrin. Ká ní a ti ń ṣe eré wa yìí nígbà náà, ẹni tó kọ orúkọ LeMond nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀ àti ẹni tó kọ ọ́ nítorí pé ó ti rí iṣẹ́ tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà ṣe nínú ìpele àdásá tó ṣáájú, iye àmì kan náà ni ìwé yín ì bá fún wọn. Ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní 2020, nígbà tí Primož Roglič wọ jẹ́sì yẹ́lò dé ìpele 20 pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 57 lórí Pogačar, tó jẹ́ ọmọ ọdún 21 nígbà náà. Àdásá tí wọ́n parí sí orí òkè La Planche des Belles Filles ló dá gbogbo rẹ̀ rú, Pogačar sì wọ Paris pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 59 lókè Roglič. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí dáadáa kò sí nínú Tour rárá. Giro d'Italia ọdún 2025 ni, ìdíje ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta bíi Tour, ṣùgbọ́n ní Ítálì.

Ní òwúrọ̀ ìpele 20 Giro náà, Isaac del Toro ọmọ Mẹ́síkò ló wọ jẹ́sì aláwọ̀ pínkì, èyí tó jẹ́ ti ẹni tó ń ṣíwájú. Richard Carapaz ọmọ Ecuador fi ìṣẹ́jú àáyá 43 wà lẹ́yìn rẹ̀, Simon Yates ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà ní ipò kẹta pẹ̀lú ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 21. Òkè tó dúró dè wọ́n ni Colle delle Finestre, tí ọ̀dà títì rẹ̀ máa ń tán kí a tó dé orí rẹ̀, tí ó sì di erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ títí dé òkè pátápátá. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wa ló kọ Del Toro tàbí Carapaz. Nígbà tí Yates fi wọ́n sílẹ̀ lórí òkè náà, Del Toro wo Carapaz, Carapaz náà sì wo Del Toro. Ní ti Del Toro, Carapaz ni ẹni tó súnmọ́ ọn jù, kí ló wá dé tí yóò fi máa ṣíwájú rẹ̀, kí ó máa gé afẹ́fẹ́ fún un? Ní ti Carapaz, ẹni tó wọ jẹ́sì ló ni ẹrù, kí ó lọ lé ẹni tó sá lọ. Ojú tí wọ́n ń wo ara wọn yẹn ni Yates fi ń jìnnà, títí tí àlàfo náà fi di ohun tí wọn kò lè dí mọ́.

Ẹ wá wo ohun tó wà ní òdì kejì òkè náà. Wout van Aert, tí òun àti Yates jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, ti bá àwọn asásíwájú jáde kúrò nínú agbo, ìyẹn àkójọ àwọn oníkẹ̀kẹ́ yòókù, láti òwúrọ̀. Ó dúró de Yates lẹ́yìn Finestre, ó sì wọ́ ọ la àfonífojì já lọ sí ìsàlẹ̀ òkè Sestriere. Ojú ọ̀nà tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá dá wà ti máa ń pàdánù gbogbo èrè tó jẹ lórí òkè, nítorí afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá oníkẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ẹni tó bá sì rí ẹ̀yìn ẹlòmíràn fara pamọ́ sí yóò bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n parí Giro náà ní ọjọ́ kejì, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 56 ni Yates fi wà lókè Del Toro.

Ká sọ pé méjì nínú wa kọ orúkọ Yates ní òwúrọ̀ yẹn. Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé orí òkè yìí náà ni Yates ti pàdánù jẹ́sì pínkì ní 2018, nígbà tí Chris Froome já lọ láti ibi tó ku nǹkan bí kìlómítà 80 sí òpin, tí Yates sì dé lẹ́yìn ju ìṣẹ́jú 38 lọ, àti pé ó ti tó àkókò kí ó gba ẹ̀san. Ẹni kejì kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ Yates yóò rán Van Aert síwájú, àti pé àwọn méjì tó wà lókè yóò máa ṣọ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ ẹni kejì ló wù mí jù, nítorí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ náà ló kà. Síbẹ̀, n kò lè pe ti ẹni àkọ́kọ́ ní àlá lásán, torí Yates fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ìpele náà pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọ̀nà ìdíje jáde ni òkè yìí ti wà lọ́kàn òun. Èwo nínú méjèèjì ni kí a fún ní àmì jù? Ìbéèrè tó yẹ kí a máa jà lé lórí ní alẹ́ nìyẹn. Lábẹ́ òfin tí a ń lò báyìí, kò sí ìjà kankan. Orúkọ kan náà, àmì kan náà, ó parí.

Ohun tí mo ń dábàá nìyí. Kí orúkọ má tó mọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba àmì kíkún kọ gbólóhùn kan tàbí méjì sí abẹ́ orúkọ tó mú, kí ó sọ ìdí tó fi mú un, kí ìdí náà sì jẹ́ ohun tí a lè yẹ̀ wò nígbà tí ìpele bá parí. «Ó lágbára» kì í ṣe ìdí. «Ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ṣì ní olùrànlọ́wọ́ mẹ́ta tó lè bá a dé ìsàlẹ̀ òkè ìkẹyìn», ìdí nìyẹn, nítorí ojú gbogbo wa ni yóò ka àwọn olùrànlọ́wọ́ náà nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìpele, kí àwa yòókù fún ìdí náà ní òdo sí mẹ́ta, kí ẹni tó kọ ọ́ má dá sí ti ara rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bọ́ sí i ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ ṣẹ gẹ́lẹ́ yóò rí nǹkan gbà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bọ́ sí i láìsí ìdí yóò rí díẹ̀ gbà, nítorí oríire náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní kò sí bí a ó ṣe díwọ̀n ìdí láìṣe ojúsàájú, pé ẹni tó mọ̀rọ̀ ọ́ kọ ni yóò máa jẹ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kí ó jẹ́ gbólóhùn kan tàbí méjì péré. Ẹni tó bá kọ gbólóhùn mẹ́wàá ti di agbẹjọ́rò. Ẹ má ṣe ka tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ń fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mẹ́ta lójoojúmọ́, gbogbo wa ni yóò rí i, a mọ ara wa tó láti bá a wí.

Àwọn kan tún lè sọ pé kò sí ìdí tí ènìyàn ì bá kọ fún àwọn ohun ìyanu tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ìdíje kẹ̀kẹ́, pé oríire ni wọ́n. N kò gbà. Ní ìdíje Olympics ní Jàpáànù ní July 2021, Anna Kiesenhofer ọmọ Ọ́stríà, tí kò ní àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kankan nígbà náà, tí ó sì jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò, já kúrò nínú agbo láti ìbẹ̀rẹ̀ gan-an nínú ìdíje àwọn obìnrin, ó sì gba góòlù pẹ̀lú ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nẹ́dálándì mú obìnrin mẹ́rin wá, Annemiek van Vleuten, Anna van der Breggen, Marianne Vos àti Demi Vollering, ìkọ̀ọ̀kan wọn tó ẹni tí à bá kọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí agbo lé àwọn asásíwájú méjì tó kẹ́yìn bá, wọ́n rò pé kò sí ẹnikẹ́ni níwájú mọ́. Nígbà tí Van Vleuten sì kọjá ìlà ìparí, ó gbé ọwọ́ sókè, ó rò pé òun ló gba góòlù. Kí ló fà á? Wọn kì í gba rédíò láyè ní etí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní Olympics, kò sì sí olùdarí tí yóò sọ fún wọn láti inú mọ́tò pé ẹnì kan ṣì wà níwájú. Òfin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó lè má sí ẹni tí ì bá kọ orúkọ Kiesenhofer, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ pé, nítorí àìsí rédíò, asásíwájú kan yóò dé ìparí kí agbo tó mọ̀. Fún irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, èmi yóò fún un ní mẹ́ta láì ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ìdíje àgbáyé sì wá sí Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Kigali ní orílẹ̀-èdè Rùwáńdà ní September 2025, irú ṣíṣọ́ ara ẹni tí Del Toro àti Carapaz ṣe tún so èso nínú ìdíje àwọn obìnrin. Àwọn tí gbogbo ayé ń retí ń ṣọ́ ara wọn, Magdeleine Vallieres ọmọ Kánádà ló sì borí. Ti àwọn ọkùnrin lọ bí a ṣe rò: Pogačar gbà á, Remco Evenepoel ṣe ìkejì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, nínú ìdíje àdásá ní ìlú kan náà, Evenepoel ti lé Pogačar bá lójú ọ̀nà, ó sì kọjá lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé Pogačar kì í ṣeé bá jà kàn ń wo òkè nìkan ni. Àdásá àti ìdíje tí gbogbo wọn jọ ń gun òkè kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tó bá sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìdíje yẹ ní ọ̀wọ̀.

Mo fẹ́ kí a máa sọ àsọtẹ́lẹ̀ nípa ohun mìíràn yàtọ̀ sí orúkọ, pàápàá ní àwọn ìpele tó tẹ́jú àti èyí tí òkè rẹ̀ kò ga. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ta ni yóò borí. Ìbéèrè náà ni bóyá àwọn asásíwájú ni yóò dé, tàbí agbo ni yóò lé wọn bá. Èyí gan-an ṣeé rò. Ẹgbẹ́ mélòó ló ní eléré tete, ìyẹn ẹni tó máa ń yára jù ní ìwọ̀nba mítà ìkẹyìn, tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ fún? Ṣé eléré tete wọn ṣì wà nínú ìdíje? Ṣé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, èyí tó lè fa agbo ya sí ègé ègé? Ẹni tó wà láàárín àwọn asásíwájú ńkọ́, ṣé ó jìnnà tó sí jẹ́sì yẹ́lò débi pé àwọn àgbà kò ní bìkítà bó bá gba ìṣẹ́jú márùn-ún? Ben Healy ọmọ Ireland borí ní ìpele 6 ní 2025, nígbà tó sì fi máa di ìpele 10, ó ti wọ jẹ́sì yẹ́lò, nítorí pé ẹgbẹ́ Pogačar kò rí i bí ẹni tí wọ́n ní láti fi gbogbo agbára lé.

Nígbà mìíràn, ohun tí oníkẹ̀kẹ́ ń wá kì í ṣe ipò kìn-ín-ní rárá, ẹni tí kò bá sì mọ èyí kò ní mọ ohun tó ń wò. Ní ìpele 9 Tour 2025, tó parí ní Châteauroux, ìpele títẹ́jú tí gbogbo wa ti kọ orúkọ àwọn eléré tete sí, Mathieu van der Poel àti Jonas Rickaert tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan já lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àwọn méjì péré, wọ́n sì wà níwájú fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọjọ́. Rickaert ló kọ́kọ́ rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn. Agbo kò rí Van der Poel mú títí ó fi kù díẹ̀ kó tó dé ìparí, inú kìlómítà ìkẹyìn ni. Tim Merlier ló borí. Ta ló wá jèrè? Rickaert, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ni láti gé afẹ́fẹ́ fún àwọn tó lókìkí jù ú lọ, ló gun orí pèpéle gba ẹ̀bùn oníjà ọjọ́ náà, ìyẹn ti ẹni tó gbìyànjú jù, Van der Poel sì sọ pé àlá ọ̀rẹ́ òun ni láti dé orí pèpéle Tour, ìdí nìyẹn tí àwọn fi lọ. Ẹni tó bá lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ ìdíje ju ẹni tó kọ Merlier lọ.

Ní ti jẹ́sì yẹ́lò fúnra rẹ̀, n kò ní kí a yọ ọ́ kúrò. Kí a jẹ́ kí àwọn tó mú orúkọ kan náà pín àmì rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ àmì 60 ló wà níbẹ̀, tí ènìyàn mẹ́fà sì kọ Pogačar, kí oníkálukú wọn gba 10. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló kọ orúkọ ẹlòmíràn tó sì bọ́ sí i, kí ó gba 60. A ó rí i bí àwọn ènìyàn yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ọ̀dọ́ bíi Florian Lipowitz, tó ṣe ìkẹta ní 2025, pẹ̀lú ojú mìíràn.

Kí jẹ́sì aláwọ̀ ewé, èyí tí Tour ń fún ẹni tó bá kó àmì ìdíje náà jù, náà ní àmì tirẹ̀ nínú eré wa, nítorí pé ó ṣeé fi orí ṣírò ju yẹ́lò lọ. Àmì 50 ni wọ́n ń fún ẹni tó bá borí ní ìpele títẹ́jú, iye náà ń dínkù bí ọ̀nà bá ṣe ń lọ sókè, nítorí náà ẹni tó bá jókòó ti ìwé ọ̀nà ìdíje kí ó tó bẹ̀rẹ̀ lè mọ irú ẹni tí jẹ́sì náà yóò bá mu. Bí Biniam Girmay ọmọ Ẹritríà ṣe gbà á ní 2024 nìyẹn: ó borí ní ìpele mẹ́ta, ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó borí ní ìpele Tour, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ tí kò borí tó sì tún wà láàárín àwọn tó kọ́kọ́ dé ló gbé e ró. Inú mi dùn ní ọdún yẹn ju bí n ṣe lè sọ níbí lọ.

Èyí mú mi dé orí ọ̀rọ̀ àwọn tó bá ṣubú. Jasper Philipsen borí ní ìpele àkọ́kọ́ ní 2025, ó wọ jẹ́sì aláwọ̀ ewé, ó sì jábọ́ ní ìpele 3, ó fi ìdíje sílẹ̀ pẹ̀lú eegun èjìká tó ṣẹ́. Jonathan Milan ọmọ Ítálì ló gbé jẹ́sì náà dé Paris. Àwọn tó mú Philipsen kò ní nǹkan kan tí wọ́n ń retí mọ́ fún ìpele 18. Kí a gbà wọ́n láyè láti pààrọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ìdajì àmì ni orúkọ tuntun yóò máa mú wá.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn kan ṣe máa ń fi orúkọ ránṣẹ́ lẹ́yìn tí àwọn asásíwájú ti já lọ tán, tí wọn yóò sì ní íntánẹ́ẹ̀tì ló fa á. Ọ̀nà àbáyọ wà nínú ìdíje fúnra rẹ̀. Bí àwọn oníkẹ̀kẹ́ bá ti kúrò ní ìlú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń rọra tẹ̀ lé mọ́tò olùdarí ìdíje fún kìlómítà mélòó kan, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ sá lọ títí olùdarí yóò fi ju àsíá láti inú mọ́tò náà. Ibi tí ó bá ti ju àsíá náà ni kìlómítà òdo. Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ náà jẹ́ òpin tiwa. Ohunkóhun tó bá dé lẹ́yìn àsíá, kí ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ tèmi.

Tour de France Femmes, ìyẹn Tour àwọn obìnrin, gbọ́dọ̀ ní iye àmì kan náà pẹ̀lú ti àwọn ọkùnrin ní ìpele kọ̀ọ̀kan. A ti ń fún un ní ìdajì láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìdí. Ní 2024, wọ́n parí sí orí Alpe d'Huez, Kasia Niewiadoma sì fi ìṣẹ́jú àáyá 4 gbà á lọ́wọ́ Demi Vollering lẹ́yìn ìpele mẹ́jọ. Bí a bá ń wá ìdíje tí orúkọ rẹ̀ kò rọrùn láti kọ, ibẹ̀ ni kí a lọ.

Owó kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń dá a lábàá pé kí oníkálukú dá nǹkan sílẹ̀. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, a ti di ata tẹ́tẹ́, ìdí tí ènìyàn bá sì mọ̀ ni yóò máa fi pamọ́ dípò kí ó kọ ọ́ jáde fún wa láti kà. Mo sì bẹ gbogbo àwọn tó ti mọ ẹni tó borí pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fún àwọn tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n wò ó lákòókò láyè di alẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo ń gbé lé yín lórí yìí pọ̀ ju èyí tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Kíka ìdí gba àkókò ju kíka orúkọ lọ. Nítorí náà, mo ṣe tán láti máa bá yín gba àwọn gbólóhùn náà jọ ní àràárọ̀, kí n sì máa kó àmì tí àwa yòókù bá fún wọn jọ ní alẹ́, kí ó lè jẹ́ pé ìṣirò ìkẹyìn nìkan ni yóò kù fún yín. Bí ẹ bá gbà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kéde rẹ̀ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ tó fi orúkọ àwọn ènìyàn mẹ́jọ mẹ́jọ wọn sílẹ̀ fún Tour tó ń bọ̀, nítorí láti ìgbà yẹn lọ ni àwọn tó fẹ́ràn olùrànlọ́wọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Bí ẹ kò bá gbà, ẹ kọ ìdí yín ránṣẹ́ sí mi. Gbólóhùn kan tàbí méjì ti tó.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ ń ka àmì fún